Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Olú

Sí Abẹnugan àti gbogbo ọmọ Ilé,
Sẹkitéríàtì, Agodi, Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìgboro Ìbàdàn yìí. Ọ̀rọ̀ olú ni mo bá wá, olú tí à ń sè lọ́bẹ̀, tó máa ń hù lẹ́yìn òjò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi àti owó oṣù wà níwájú yín. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé òpin.

Abúlé kan lójú ọ̀nà Làlúpọn ni ìyá ìyá mi gbé títí wọ́n fi dágbére fáyé. Bí a bá gba ọlidé, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa ń kó wa lọ. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí ilẹ̀ mọ́ tí oòrùn yọ, Ìyá Àgbà á gbé agbọ̀n, wọ́n á fà mí lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìn oko kòkó. Ọ̀gán mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ga ju bàbá mi lọ. Wọ́n mọ èyí tí olú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ yọ, wọ́n mọ èyí tó máa ń pẹ́. Wọn kì í já olú bí ẹni já ewé. Wọ́n á fi ìka wá ìdí rẹ̀ nínú ilẹ̀, wọ́n á yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tú, wọ́n á sì fi erùpẹ̀ àti ewé gbígbẹ dí ojú ihò náà padà. Èyí tí orí rẹ̀ bá ti ṣí tán pátápátá, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, “Èyí ti ń bímọ. Jẹ́ kó ráyè.”

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé abẹ́ orí olú tó bá ti ṣí ni hóró rẹ̀ ti ń já bọ́, hóró tó kéré tí ojú lásán kò lè rí i, tí afẹ́fẹ́ ń gbé káàkiri kí olú mìíràn lè hù. Ìyá Àgbà kò fojú kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo hóró rí láyé wọn. Àwọn ìyá wọn ló fi hàn wọ́n, wọ́n sì ti wò ó títí ó fi yé wọn.

Lọ́dún tó kọjá, mo padà lọ sí abúlé náà. Wọ́n ti ta ilẹ̀ ẹ̀yìn oko kòkó ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì. Katapílà ti wó ọ̀gán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ti fi amọ̀ rẹ̀ dí kòtò ojú ọ̀nà. N kò bínú sí ẹni tó ra ilẹ̀, nítorí ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ibi kọ́lé sí. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ìwé kankan níbì kankan tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣí wò, tí yóò fi rí i pé ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n béèrè nípa rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìrókò mẹ́ta ló dúró níbẹ̀ ni, ẹnì kan ì bá ti wá ka igi náà. Bó bá jẹ́ ìnàkí ni, ariwo ì bá ti ta. Olú ni, nítorí náà ó lọ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Nínú òfin èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe tàbí tí ẹ bá tún ṣe nípa igbó àti àyíká ní ìpínlẹ̀ yìí, níbi tí ẹ bá ti fẹ́ kọ “igi àti ẹranko”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ “igi, ẹranko àti olú”. Nígbà tí ẹ bá sì ti kọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kó nítumọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igi. Lọ́dọọdún ni mo máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí ni olú. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi ń dáhùn: ewéko ni. Bẹ́ẹ̀, olú kì í ṣe ewéko. Kò ní ewé, kò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀. Ní 1969, Robert Whittaker, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, pín àwọn ohun abẹ̀mí sí ọ̀wọ́ ńlá márùn-ún, ó sì fún ìran olú ní ọ̀wọ́ tirẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ẹranko ni olú bá tan jù, kì í ṣe igi. Ohun tó mú kí ara olú le náà ló mú kí èèpo edé àti ti akàn le. Ẹbí yìí tóbi. Èébu orí búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, ìwúkàrà wà nínú rẹ̀, làpálàpá tó ń yọ sí orí ọmọdé wà nínú rẹ̀, ohun tó ń mú kí ẹmu àárọ̀ máa hó nínú akèrègbè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Olú tí a ń rí lókè ilẹ̀, èso lásán ni. Ara rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀, fọ́nrán funfun tó tín-ín-rín ju òwú lọ, tó ń rìn kiri nínú erùpẹ̀ àti nínú igi tó ti kú. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ rí olú kan ṣoṣo tí fọ́nrán rẹ̀ gba ilẹ̀ tó tó 965 héktà nínú igbó. Ẹ̀dá kan ṣoṣo o! Gbogbo ọgbà IITA níbí, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, láti ògiri dé ògiri, 1,000 héktà ni.

Àwọn onímọ̀ lágbàáyé ti fún nǹkan bí 155,000 irú ìran olú ní orúkọ. Wọ́n sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí iye tó wà láyé tó 2.5 mílíọ̀nù. Ẹ wò ó bí ẹni tó wọ ọjà Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó jẹ́ pé nínú oníṣòwò mẹ́rìndínlógún, ẹyọ kan ló mọ̀ lórúkọ. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé jẹ́ sí olú. Àwọn ibi tí wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Igbó ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ àwọn tí kò tíì lórúkọ wà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí olú ọ̀gán, nítorí òun ni mo mọ̀ jù, òun náà sì ni ẹ̀yin pẹ̀lú ti jẹ. Ikán tó mọ ọ̀gán kì í dá oúnjẹ rẹ̀ ṣe. Wọ́n á kó igi gbígbẹ àti ewé wọlé, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á fi ìgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun kan tó rí bí afárá oyin sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, fọ́nrán olú á sì hù lórí afárá yẹn. Olú ni yóò jẹ igi náà rà títí yóò fi di oúnjẹ tí ikán lè jẹ. Ikán ń tọ́jú oko náà bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú ebè iṣu, wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀rinrin rẹ̀ àti ooru rẹ̀ ṣe déédéé. Nígbà tí òjò bá wá rọ̀, olú á ti ìdí gígùn rẹ̀ láti inú yàrá yẹn, á la amọ̀ kọjá, á yọrí síta. Ìdí rẹ̀ tó máa ń gùn yẹn ni Ìyá Àgbà fi ń fìka wá a nínú ilẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọdún tí ikán àti olú ti jọ ń gbé báyìí, ilẹ̀ Áfíríkà níbí sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Irú kan wà tí wọ́n fún ní orúkọ ìwé ní 1980, tí wọ́n rí ní Zambia. Orí rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan. Kò tíì sí ẹni tó ń gbin olú ọ̀gán fún títà bí wọ́n ṣe ń gbin olú inú agolo. Ẹni tó bá wó ọ̀gán, ó ti wó ikán, ó ti wó olú, kò sì sí irúgbìn rẹ̀ ní ọjà kankan tí yóò rà láti fi dípò rẹ̀.

Ìbàdàn wá jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo ju ibòmíràn lọ. Ẹ̀bá ọ̀dàn ni orúkọ wa ti wá. Apá gúúsù wa kọjú sí igbó kìjikìji, àríwá wa kọjú sí pápá. Olú inú igbó wà níbí, olú inú koríko wà níbí, àwọn tó ń gbé ní ibi tí méjèèjì ti pàdé wà pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ki ìlú yìí, ohun tí igbó fi bọ́ wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ: Ìbàdàn ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ ìgbín yó, ọmọ a fi ìkarahun fọ́rí mu. Àwọn tó sá wá sórí òkè nígbà ogun kò ní oko. Òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ tí wọn kò fi kú. Ó máa ń wù mí láti mọ̀ bóyá olú wà nínú àwo wọn. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé kò sí, bí òjò bá rọ̀ sórí òkè yẹn tí ebi sì ń pa ènìyàn.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé àwọn obìnrin tó ń já olú tà lẹ́bàá títì ni wọ́n ń run ún. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé òfin kalẹ̀ tí yóò máa lé àwọn ìyá wa kiri. Ní Switzerland, àwọn onímọ̀ fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣọ́ àwọn ibi kan nínú igbó. Wọ́n ń já olú ní apá kan, wọ́n ń fi apá kejì sílẹ̀, wọ́n ń ka iye tó ń hù. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Jíjá kò dín iye olú tó ń hù lẹ́yìn ọ̀la kù. Ohun tó dín in kù ni ẹsẹ̀ àwọn tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn lásán bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa katapílà?

N kò ní purọ́ fún yín pé jíjá kì í pa olú kankan lára. Ní erékùṣù Sísílì ní Ítálì, olú funfun kan wà tó jẹ́ ọmọ ìyá olú kan tí a ní nínú igbó wa, èyí tó máa ń ta bí iṣu sínú igi tó ti jẹrà, tí àwọn Ìgbò ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ti Sísílì yẹn dùn, ó sì wọ́n. Àwọn olówó ń wá a lójú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ orí òkè díẹ̀ péré ló ti ń hù. Nígbà tó fi máa di 2006, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ohun abẹ̀mí, ti kọ ọ́ sínú Ìwé Pupa, ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ bí ewu ìparun ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ṣe tó, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá tó wà ní bèbè ìparun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, òun nìkan ni olú tó lórí tó nídìí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà. Erin wà níbẹ̀, ẹkùn wà níbẹ̀, igi àti ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Olú, ẹyọ kan.

Nǹkan ti ń yí padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, IUCN kéde pé iye irú olú tí àwọn ti yẹ̀ wò ti di 1,300, àti pé ó kéré tán, 411 nínú wọn wà nínú ewu àtirun. Oko àti ìlú tó ń fẹ̀ ló ń gba ilé lọ́wọ́ 279. Igi gígé ló ń pa 198 lára. Ajílẹ̀ tó ń ṣàn kúrò lóko àti èéfín ọkọ̀ ń yọ 91 lẹ́nu. Ẹ ṣàkíyèsí èyí tó ṣíwájú: oko àti ìlú. Ẹni tó bá gun òkè Máapó wo Ìbàdàn lónìí, tó rántí bó ṣe rí ní ogún ọdún sẹ́yìn, kò nílò kí IUCN ṣàlàyé fún un. Síbẹ̀, nínú ẹ̀dá tó lé ní 169,000 tó wà nínú Ìwé Pupa lọ́dún náà, 1,300 ti olú kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fi olú sínú òfin àyíká rẹ̀ ni Chile. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè olówó jù láyé. Obìnrin kan, Giuliana Furci, ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ń bẹ àwọn aṣòfin rẹ̀ títí wọ́n fi gbọ́. Ní 2021, IUCN fúnra rẹ̀ gbà láti máa dárúkọ olú pọ̀ mọ́ ẹranko àti ewéko nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìpàdé àgbáyé lórí ohun abẹ̀mí tó wáyé ní Cali, ní Colombia, ní 2024, Chile àti Ìlú Ọba jọ gbé àbá kalẹ̀ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè ka olú kún ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bò. N kò rí ìdí tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yóò fi dúró de Àbújá kó tó ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni igbó ọba wà.

Ẹ lè bi mí pé èrè wo ni ará ìlú yóò rí níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Ìbàdàn níbí, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ní IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Èébu kan wà tó máa ń mú àgbàdo àti ẹ̀pà, ó sì ń da májèlé tí wọ́n ń pè ní áfílátọ́síìnì sínú rẹ̀. Ní 1960, ó pa tòlótòló tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ wọn. Lára ènìyàn, ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àwọn onímọ̀ IITA àti ti ìjọba Amẹ́ríkà wá èébu náà kiri lórí irè oko ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì rí i pé nínú èébu kan náà yìí, a rí àwọn tí kò lè ṣe májèlé rárá. Wọ́n mú mẹ́rin nínú wọn, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ hóró ọkà bàbà, wọ́n sọ ọ́ ní Aflasafe. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sóko, èébu aláìlóró á gba ilẹ̀, olóró kò ní ráyè. Ìran olú ló gbà wá lọ́wọ́ ìran olú, láti inú ilẹ̀ wa. Kí àwọn onímọ̀ tó dé, ta ló mọ̀ pé àwọn mẹ́rin yẹn wúlò? Bí ilẹ̀ tí wọ́n wà bá ti di kọ́ńkéré ṣáájú, a kì bá tilẹ̀ mọ̀ pé a pàdánù ohunkóhun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹnisílíìnì. Gbogbo wa la mọ̀ pé Alexander Fleming rí èébu kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ti Fleming kò mú oògùn jáde tó bó ṣe yẹ. Èyí tí wọ́n padà fi ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, ara èso bàrà òyìnbó kan tó ti bu ni wọ́n ti rí i, ní ìlú Peoria ní Amẹ́ríkà, ní 1943, nígbà ogun. Èso tí ẹlòmíràn ì bá kó dà sí ààtàn.

Ti ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Irun gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ kò pọ̀. Fọ́nrán olú tó so mọ́ ọn nínú ilẹ̀ ló ń bá a fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá láti ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, tí ẹ̀gẹ́ á sì fi ṣúgà san án. Ọ̀pọ̀ jù lọ ewéko ayé ló ń ṣe irú pàṣípààrọ̀ yìí. Gààrí àti láfún tí à ń jẹ, ọwọ́ olú wà nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè dìde nínú Ilé kó ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, pé ilé ìwòsàn kò lóògùn, òun ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ olú. Òótọ́ ni òwe náà. Bí ohun tí mo ń béèrè bá jẹ́ owó ńlá, èmi fúnra mi ì bá dákẹ́. Ìlà kan nínú òfin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ra oògùn. Ìyókù ohun tí mo fẹ́, kò ju owó ọkọ̀ àti owó bírò lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀ nínú igbó ọba, Gàmbàrí ló wá sí mi lọ́kàn, níbi tí wọn kò ní kó igi tó bá wó kúrò, tí wọn kò ní dáná sun ún, tí ọ̀gán yóò sì dúró. Igi tó ti kú, ilé olú ni. Igbó tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní, ebi ló máa ń pa olú níbẹ̀. Nígbàkigbà tí ọ̀nà tàbí ilé bá fẹ́ gba inú igbó ọba kọjá, kí àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò béèrè nípa olú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè nípa igi, kí wọ́n sì béèrè lásìkò òjò. Ẹni tó bá lọ wá olú láàárín ọyẹ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti orúkọ. Ní 1975, onímọ̀ kan, B. A. Oso, tẹ ìwádìí jáde lórí olú àti àwa Yorùbá: èyí tí à ń jẹ, èyí tí à ń fi ṣe oògùn, orúkọ tí à ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó gbọ́njú mọ olú nígbà yẹn kò sí mọ́. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ lónìí, bí wọ́n bá rí olú márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, “olú” ni wọn yóò pe márààrún. Kò yẹ kí ìyẹn ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, a ò kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, ó léwu. Olú ńlá funfun kan máa ń hù lórí koríko iwájú ilé ẹ̀kọ́ àti ti ọ́fíìsì ìjọba, ó rẹwà lójú, ó jọ èyí tí à ń jẹ. Bó bá dàgbà, abẹ́ orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé tútù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bì títí, inú á sì máa run ún. Àwọn ìyá tó ń ta olú mọ̀ ọ́n, wọ́n kì í fọwọ́ kàn án. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà yìí kó lọ máa já olú tí kò mọ̀.

Ìbàdàn ní Yunifásítì láti 1948. FRIN, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí igbó, wà ní Jẹ́ríkò, pẹ̀lú yàrá ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú ewé gbígbẹ láti igbó gbogbo ilẹ̀ yìí, tó lé ní 100,000. IITA wà. Kò sí ìlú kejì ní Nàìjíríà tó ní irú àwọn ilé ìmọ̀ yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan. Ẹ̀yin lẹ lè pè wọ́n jókòó, kí ẹ sì pe àwọn ìyá ọlọ́jà sí ìjókòó kan náà. Kí wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ jáde lásìkò òjò lọ sí Moníyà, Ìdí-Ayùnrẹ́, Làlúpọn, Akínyẹlé, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ Yorùbá ṣáájú orúkọ Látìn. Kí wọ́n sì sanwó fún àwọn ìyá náà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀mọ̀wé nìkan ni yóò gbowó lórí ìmọ̀ tí obìnrin kan fi àádọ́ta ọdún kó jọ.

Ìyá kan wà lójú ọ̀nà Moníyà tí mo máa ń ra olú lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ti ń dùn wọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, mo jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán, mo kọ orúkọ olú mọ́kànlá lẹ́nu wọn. Mẹ́rin péré ni mo lè sọ orúkọ ìwé rẹ̀. Èyí tó kù, kò sí nínú ìwé kankan tí mo ní. Mo béèrè bóyá ọmọ wọn kankan mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i. Wọ́n ní ọmọ àwọn wà ní Èkó, ó ń wa Uber.

Wọ́n ní ọ̀gán méjì ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé àna wọn, pé bí òjò bá rọ̀ dáadáa lóru, tí ilẹ̀ mọ́ tí oòrùn yọ, àwọn á mú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá lọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnì kan. Kó wọ bàtà òjò, kó mú ìwé dání, kó sì tètè dé, nítorí kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti já èyí tí wọ́n máa tà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan, Ìbàdàn.